Mọ́tò Tí Kì í Lọ Ibì Kankan

Ọjọ́ tí mọ́tò léètì jóná ní Òkè-Àgbò,
òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé bá wa,
bí ìgbà tí ike bá jó mọ́ irun.
Bàbá kò pariwo.
Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara irin, ó yára gbé e kúrò,
ó ní, "Ó ti lọ."

Mọ́tò tí mò ń wí kò ní táyà, kò ní dẹ́rẹ́bà.
Ọdún méjìdínlógójì ló fi jókòó sójú kan
tó ń gbé Ìjẹ̀bú-Igbó rìn:
ṣáàfù ẹ̀rọ tó ń la ìrókò, tó ń la ọmọ̀,
sukúrúù tí wọ́n fi ń fún ẹ̀gẹ́ nílé elégàrí l'Ójowò,
gbogbo irin tó wọ́, tó já, tó jẹ,
ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń tò sí.

Músílíù oníkọ́yìlì tú u.
Kọ́pà inú rẹ̀ dúdú bí ìfun ẹran tí a gbàgbé sórí iná.
"Bí mo bá tún un wé, owó rẹ̀ á ju ti tuntun lọ."
Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé àgbà jáde,
wọ́n sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó dé ìdí àgbálùmọ̀.
Tuntun tí a rà ní Ṣágámù,
ọmọkùnrin kan ló gbé e léjìká wọlé,
ó ń súfèé.

Ó kéré, ó sì ń kánjú.
Bí àgbà bá yí ẹ̀ẹ̀mejì, òun á ti yí ẹ̀ẹ̀mẹta.
Púlì àná kò bá a mu, àfi ká gbẹ́ òmíràn tó kéré.
Kí la fi ń gbẹ́ púlì?
Léètì.
Léètì wo?
Èyí tó wà nílẹ̀ tí kò lè mira.
Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò gbẹ́ èkù ara rẹ̀:
mo ti ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré,
n kò mọ̀ pé ó lè wọn tó bẹ́ẹ̀.

Léètì kan ṣoṣo ló kù tó lè ṣe é, ti Odùmúyìwá l'Átíkorí,
ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa fún ọdún mẹ́rin,
tó lọ láìdágbére, láìṣe fírídọ́ọ̀mù.
Ọdún mọ́kànlá nìyẹn.
Bí Bàbá bá ń lọ kí Jímọ̀, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ló ń gbà
kó má baà rí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Èmi tí mò ń kọ ìwé owó ni wọ́n rán.
Mo gbé bébà ìwọ̀n lọ, pẹ́ńsù Bàbá, nọ́ńbà wínníwínní.
Odùmúyìwá wo ìwé náà pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.
Ó ní, "Ṣé wọn ò tíì máa fi ṣúgà sí gàrí?"
Mo ní, "Rárá."
Ó gba owó rẹ̀ pé, kò yọ kọ́bọ̀ kan.
Ìjẹ̀bú ni gbogbo wa.

Bàbá ti ìka bọ ihò púlì, ìka náà sì dúró.
Ojú pọ́ǹsì mẹ́ta wà nínú níbẹ̀,
àmì tí ṣọ́ọ̀bù wa fi ń sàmì sí iṣẹ́.
Kò sí nínú bébà tí mo gbé lọ.
Bàbá ní kí n mú àkísà wá.
Ó nu púlì tí kò dọ̀tí.

A tan iná: ẹ̀yìn ni léètì ń yí sí!
Àwọn ọmọ iṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín.
Músílíù pààrọ̀ wáyà méjì nínú mẹ́ta,
ó ní ìkẹta kò ní mọ̀.
Nígbà náà ni irin kọjú síbi tó yẹ,
irun irin ń já bọ́, ó ń lọ́, ó láwọ̀ aró.
Bàbá dẹ etí sí i.
"Ohùn ọmọdé," ló wí. Kò sọ bóyá ó dára.

Mo ṣí ìwé: mọ́tò, iye báyìí. Wáyà, iye báyìí. Púlì.
"Kọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ."
Mo kọ ọ́.

Adìyẹ ti ń yé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà lábẹ́ àgbálùmọ̀.
Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, iwájú mọ́ṣáláṣí ni Bàbá gbà.
Kò yà síbẹ̀ o.
Ó kàn gba ibẹ̀ kọjá.